Àyè Mẹ́wàá fún Viðareiði

Ní Klaksvík, nínú ilé tí wọ́n ti ń fi iyọ̀ pa ẹja rí,
Rannvá jókòó ti fèrèsé, ó ń já ẹrù.
Kì í ṣe ẹrù ọkọ̀ ojú omi.
Ṣíìpù kan ni, kò tó èékánná ọmọ ọwọ́,
ẹgbàá mẹ́jọ àyè àti díẹ̀ ni gbogbo ilẹ̀ inú rẹ̀:
ibẹ̀ ni kóòdù yóò sùn, ibẹ̀ náà ni yóò ti jẹun.

Láíbúrárì ńlá tí gbogbo ayé ń lò kò lè wọlé.
Ó gbé orúkọ oṣù wá ní ogójì èdè,
ó gbé aago ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ní dé láéláé,
ó gbé ìṣirò ìdá tó wúwo ju ilé lọ.
Àlejò ru àpótí méje wá sí yàrá ẹlẹ́nìkan,
ta ni yóò sùn síta?

Rannvá kọ tirẹ̀.
Èyí tí ń ka gígùn ọ̀rọ̀: ìlà mẹ́ta.
Èyí tí ń da ọ̀rọ̀ kọ láti ibì kan sí ibòmíràn: mẹ́rin,
ó tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹfà kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀.
Èyí tí ń yá ọ̀rọ̀ nílẹ̀, ó fà á tu tegbòtegbò.
"Ẹni tó yá ilẹ̀ tí kò dá a padà, òun ni yóò pa wá lóru.
Kí kálukú mọ àyè rẹ̀ láti òwúrọ̀."
Ó sọ àmì ìdá nù:
bí òtútù omi bá jẹ́ mẹ́fà àti ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá,
ẹ̀rọ á kọ méjìdínláàádọ́rin.
Ẹni tó mọ omi rẹ̀ mọ ibi tí àmì ń gbé.

Hanus, bàbá ọkọ rẹ̀, ló fi ọkọ̀ gbé e jáde,
ó so fìtílà léfòó náà mọ́ ìdákọ̀ró níwájú Viðareiði,
níbi tí ìjì ti ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ kìíní, gíga ìgbì: márùndínláàádọ́fà.
Ọjọ́ kejì, márùndínláàádọ́fà.
Ọjọ́ kẹta, atẹ́gùn ṣí òrùlé ilé àgùntàn Símun lọ.
Márùndínláàádọ́fà.

"Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń tu omi yìí," Hanus wí,
"kò fi ọwọ́ kan náà gbá mi lẹ́ẹ̀mejì rí.
Ohun tí o kọ ló ń purọ́, kì í ṣe òkun."

Rannvá kò fèsì. Kọfí rẹ̀ tutù.
Ó wo nọ́ńbà náà títí, bí ẹni ń wo ojú ẹbí tó ti sọnù,
àfi bó ṣe fọwọ́ lu tábìlì: "Lẹ́tà ni! Lẹ́tà i ni!"
Torí lójú ẹ̀rọ, márùndínláàádọ́fà ni i ń jẹ́.

Viðareiði. Ó ti ka lẹ́tà mẹ́sàn-án,
ó fi òdo kan ti ilẹ̀kùn, àyè di mẹ́wàá.
Ó gbàgbé pé ð kì í gba àga kan,
méjì-méjì ni.
Ẹ̀yin tí ẹ ń fi àmì sábẹ́ ọ, ẹ mọ ìyà yìí.
Ð méjì fẹ̀ jókòó, wọ́n ti ará iwájú,
i ìkẹyìn ré kọjá ààlà, òdo tẹ̀ lé e,
wọ́n lọ gúnwà sórí àga ìgbì.
Lójoojúmọ́, ìrù orúkọ abúlé
ló ń dáhùn fún òkun.

Àyè méjì péré ló ń wá.
Láíbúrárì ti rù, egungun rẹ̀ yọ, kò sẹ́ran tí yóò gé.
Níkẹyìn ó pa "góðan morgun" rẹ́,
kíkí tí ẹ̀rọ ń kí ayé nígbà tó bá jí.
Òun náà kúkú ní ð tirẹ̀,
àwọn ẹyẹ etíkun nìkan ló sì ń jẹ́ ẹ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, lálẹ́: igba ó lé mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Lẹ́yìn wákàtí kan: méjìdínnígba.
Hanus gé ẹran àgùntàn gbígbẹ, ó na díẹ̀ sí i lórí ọ̀bẹ.
"Òun nìyẹn," ó ní.